Bí Màlì, Burkina Faso àti Niger ṣe fi ECOWAS sílẹ̀, àti ìjà òṣèlú tó wà nídìí ẹ̀

Orílẹ̀-èdè méjìlá ló kù nínú àjọ ECOWAS. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n kí ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025 tó dé. Ọjọ́ náà ni Màlì, Burkina Faso àti Niger jáde pátápátá, tí wọ́n gbájú mọ́ ẹgbẹ́ tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dá sílẹ̀ láàárín ara wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní AES. Nínú ìròyìn rédíò, ọ̀rọ̀ yìí kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Àmọ́ àwọn ìbéèrè tó gbé dìde kò tíì kúrò nílẹ̀. Ta ló jẹ̀bi? Ṣé ọ̀rọ̀ ọjà ni àbí ọ̀rọ̀ agbára? Ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣòwò lọ sí ọ̀hún ńkọ́?

Àṣìgbọ́ kan wà tó yẹ kó kọ́kọ́ kúrò nílẹ̀, torí ó máa ń da àwọn èèyàn láàmú ní Kogí. Niger tí ọ̀rọ̀ kàn yìí kì í ṣe Ìpínlẹ̀ Niger tó bá Kogí pààlà, tí Mínnà jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Orílẹ̀-èdè Niger ni, Niamey sì ni olú-ìlú tirẹ̀. Odò kan náà ló fún ìpínlẹ̀ yẹn, orílẹ̀-èdè yẹn àti Nàìjíríà fúnra rẹ̀ lórúkọ, ìyẹn Odò Ọya. Guinea ni odò náà ti ṣẹ̀ wá. Ó ṣàn gba Bamako, olú-ìlú Màlì, ó gba Niamey kọjá, ó tẹ̀lé ààlà Bẹ̀nẹ̀ díẹ̀, kó tó wọ Nàìjíríà tó sì lọ pàdé Odò Bẹ́núé ní Lọ́kọ́ja.

Kí ló kan Ògìdì?

Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ìjùmú ni Ògìdì wà, kò jìnnà sí Kàbà, kò sì sí ẹnu ibodè kankan nítòsí. Ṣùgbọ́n obì ilẹ̀ Yorùbá ti ń lọ sí Niger láti ayé àwọn baba ńlá, màlúù àti àgùntàn Niger sì ń gba Sókótó àti Kàtsínà wọ Nàìjíríà. Àlùbọ́sà, ẹ̀wà àti dàbínù náà ń bá wọn wá. Ẹni tó ń ra àlùbọ́sà lọ́jà lè má mọ̀ rárá pé ó ti kọjá níwájú kọ́sítọ́ọ̀mù kó tó dé ọwọ́ òun.

Ètò òwò ECOWAS pàápàá ṣe ojúure sí irú ìlú bíi Ògìdì ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Lábẹ́ ètò náà, ohun ọ̀gbìn tí ẹ̀rọ kò tíì pa láradà àti iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀ kì í san owó ibodè tí wọ́n bá ń ti orílẹ̀-èdè kan nínú àjọ náà bọ́ sí òmíràn. Wọn ò sì nílò ìwé ẹ̀rí tí iléeṣẹ́ ńláńlá gbọ́dọ̀ gbà kí ọjà wọn tó lè kọjá lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣu wà nínú ẹ̀, kajú wà nínú ẹ̀, aṣọ tí wọ́n ń fi ọwọ́ hun ní Ògìdì náà wà nínú ẹ̀. Nike Davies-Okundaye, ọmọ Ògìdì tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé lórí aṣọ àti àdìrẹ, ní ibùdó iṣẹ́ ọnà síbẹ̀. Tí oníṣòwò kan bá gbé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lọ sí Dakar, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni pé kí wọ́n má gba owó ibodè lórí ẹ̀. Tó bá gbé e lọ sí Bamako ńkọ́? Kí ọdún 2025 tó dé, ìdáhùn kan náà ni. Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀, ìsàlẹ̀ ni àlàyé rẹ̀ wà.

Èkó ni wọ́n ti dá a sílẹ̀

Ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé ECOWAS nílùú Èkó. Ọ̀gágun Yakubu Gowon ti Nàìjíríà àti Gnassingbé Eyadéma ti Tógò ló ṣáájú ètò náà. Ọ̀kan nínú àwọn tó sáré jù lórí ẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adebayo Adedeji, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tó jẹ́ kọmíṣọ́nnà ìjọba àpapọ̀ fún ètò ọrọ̀ ajé nígbà náà. Lọ́dún 1973, ikọ̀ Nàìjíríà àti ti Tógò lọ káàkiri láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn láti fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ wọ́n. Kò rọrùn, torí àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé ti ń kó ara wọn jọ lọ́tọ̀.

Ohun kan wà níbí tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Sójà ni Gowon, sójà ni Eyadéma. Ìdìtẹ̀gbàjọba ni Eyadéma fi dé orí àlééfà lọ́dún 1967. Oṣù méjì péré lẹ́yìn tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé ECOWAS, àwọn ológun ẹgbẹ́ Gowon gba ìjọba lọ́wọ́ òun náà, nígbà tó wà ní ìpàdé àwọn olórí Áfíríkà ní Kampala. Àjọ tó wá ń fi ìyà jẹ àwọn ológun tó gba ìjọba, ọwọ́ àwọn ológun ló ti jáde.

Òwò ni wọ́n sọ pé àwọn bá wá. Èyí tó kan mẹ̀kúnnù jù nínú gbogbo ìwé tí wọ́n ti fọwọ́ sí ni ti Dakar, lóṣù karùn-ún ọdún 1979, tó sọ pé ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS kan lè wọ òmíràn kó sì lo 90 ọjọ́ láìgba físà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀tọ́ láti gbébẹ̀ àti láti dá iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ tẹ̀lé e. Àwọn ará Èjìgbò tó kún Abidjan ti wà níbẹ̀ kí ìwé yìí tó dé, ṣùgbọ́n ìwé yìí ló fún wọn ní ohun tí wọ́n lè fi bá òṣìṣẹ́ ìmígírésọ̀n sọ̀rọ̀.

Ká sọ òótọ́, Nàìjíríà náà kò fìgbà gbogbo pa òfin yìí mọ́. Lóṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Shagari ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ. Èyí tó ju mílíọ̀nù kan ló lọ, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ará Gánà, báàgì tí wọ́n kó ẹrù sí sì ń jẹ́ Ghana Must Go títí dòní. Lóṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba Buhari ti ẹnu ibodè orí ilẹ̀ mọ́ ọjà àwọn ará ilé rẹ̀ nínú ECOWAS, kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wọn títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Ìrẹsì àti ọjà fàyàwọ́ ni wọ́n sọ pé àwọn fẹ́ dènà. Àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ àti Niger kò tíì gbàgbé, ó sì yẹ kí ẹni tó bá ń bi wọ́n ní “kí ló dé tí ẹ kò ka òfin àjọ sí?” rántí ẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ọjà ṣe di ọ̀rọ̀ ìjọba

Ogun Liberia àti Sierra Leone ló yí ECOWAS padà. Láti ọdún 1990 tí ikọ̀ ọmọ ogun ECOMOG ti wọ Liberia, àjọ òwò ti di àjọ ààbò. Lọ́dún 2001, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn mìíràn ní Dakar lórí ìjọba àwaarawa, tó sọ pé àwọn kò ní gba ìdìtẹ̀gbàjọba rárá. Àdéhùn yìí ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà mìíràn. Lóṣù kejìlá ọdún 2016, Yahya Jammeh ti Gambia fìdí rẹmi nínú ìbò, ó ní òun ò lọ. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun ECOWAS wọlé, ó kó ẹrù rẹ̀.

Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó ni pé sójà nìkan ni òfin náà ń mú. Lọ́dún 2015, àwọn olórí ECOWAS gbé àbá kan yẹ̀ wò ní Accra pé kí ààrẹ kankan má lò ju sáà méjì lọ. Tógò àti Gambia kò gbà, àbá náà sì kú síbẹ̀. Lọ́dún 2020, Alpha Condé ti Guinea yí òfin padà kó lè lo sáà kẹta, Alassane Ouattara ti Côte d'Ivoire náà gba sáà kẹta. ECOWAS kò fìyà jẹ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Àwọn ológun yọ Condé lóṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ìgbà yẹn ni ECOWAS wá já wọ inú ọ̀rọ̀ Guinea. Ọ̀rọ̀ yìí ló fún àwọn tó ń pè é ní “ẹgbẹ́ àwọn ààrẹ” lẹ́nu, ó sì ṣòro láti sọ pé irọ́ ni wọ́n pa.

Màlì ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ Ibrahim Boubacar Keïta, Assimi Goïta sì tún gbà á lẹ́ẹ̀kejì lóṣù karùn-ún ọdún 2021. Nígbà tí wọ́n ní àwọn kò ní tètè dìbò, ECOWAS ti ẹnu ibodè mọ́ Màlì lóṣù kìíní ọdún 2022, wọ́n sì so owó rẹ̀ mọ́ ilé ìfowópamọ́ àpapọ̀ àwọn tó ń ná owó sẹ́fà. Oṣù keje ni wọ́n tó tú u. Ní Burkina Faso, ìdìtẹ̀ méjì ló wáyé lọ́dún 2022 kan náà, èkejì ló gbé Ibrahim Traoré wọlé. Lọ́jọ́ 26 oṣù keje ọdún 2023, Ọ̀gágun Abdourahamane Tiani tó yẹ kó máa ṣọ́ Ààrẹ Mohamed Bazoum ti Niger ló tì í mọ́lé.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà pàápàá kò fẹnu kò

Bola Tinubu ṣẹ̀ṣẹ̀ di alága ECOWAS ni, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́jọ́ 30 oṣù keje ọdún 2023, ìpàdé Àbújá fún àwọn ológun Niger ní ọjọ́ méje: kí wọ́n dá Bazoum padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n lè lo agbára. Wọ́n ti ẹnu ibodè, wọ́n dá ọkọ̀ òfuurufú dúró, wọ́n so owó Niger mọ́ báńkì. Nàìjíríà tún já iná mànàmáná tó ń lọ sí Niger, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún iná tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ló ń ti Nàìjíríà wá. Òkùnkùn kún Niamey. Kì í ṣe ilé Tiani nìkan ni òkùnkùn náà wọ̀, ó dé ilé ìwòsàn, ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta omi tútù.

Ojú ẹsẹ̀ ni àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìpínlẹ̀ méje ló bá Niger pààlà: Sókótó, Kebbi, Kàtsínà, Zamfara, Jígáwá, Yobe àti Borno. Ààlà náà gùn tó 1,600 kìlómítà, Háúsá kan náà ni wọ́n ń sọ lápá ibi méjèèjì, ẹ̀gbọ́n lè wà ní Illela kí àbúrò wà ní Konni. Àwọn sẹ́nétọ̀ láti Àríwá kìlọ̀ pé ogun ò gbọdọ̀ wáyé. Lọ́jọ́ 5 oṣù kẹjọ, Ilé Aṣòfin Àgbà dá ẹjọ́ Niger lẹ́bi lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí Ààrẹ wá ọ̀nà òṣèlú, kó má ṣe gbé ìbọn. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà sọ pé Ààrẹ kò lè rán ọmọ ogun lọ jà lókè òkun láìjẹ́ pé ilé yìí fọwọ́ sí i. Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar ti lọ sí Niamey kí ó tó di ọjọ́ náà, àwọn àáfà ńlá náà lọ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì rí Tiani bá sọ̀rọ̀.

Àwọn tó ti Ààrẹ lẹ́yìn ní ọ̀rọ̀ tiwọn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Tí sójà bá ń gba ìjọba ní Bamako, ní Ouagadougou, ní Niamey, tí wọn kò sì rí ìyà kankan, kí ló máa dá ti ìlú mìíràn dúró? Nàìjíríà fúnra rẹ̀ mọ ohun tí ìjọba ológun jẹ́. Àwọn tó lòdì sí i náà dáhùn pé ìyà tí ECOWAS fi jẹ Niger kò kan àwọn ológun, talákà ló kàn, àti oníṣòwò Kàtsínà tí tírélà rẹ̀ dúró sí Jibia. Bó ṣe wá rí nìyẹn. Ọjọ́ méje pé, ogun kò wáyé, Bazoum kò jáde, ẹnu ibodè sì wà ní títì fún oṣù púpọ̀. Ìhàlẹ̀ tí kò ní ọwọ́ nínú ló ba nǹkan jẹ́ jù: ó bí àwọn ológun nínú, kò sì dẹ́rù bà wọ́n.

Ìkéde ọjọ́ 28 oṣù kìíní

Lóṣù kẹsàn-án ọdún 2023, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí ìwé Liptako-Gourma pé ẹni tó bá kọlu ọ̀kan kọlu gbogbo wọn. Lọ́jọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n ka ìkéde kan náà lórí tẹlifíṣọ̀n wọn: àwọn ti kúrò nínú ECOWAS lójú ẹsẹ̀. Ìdí mẹ́ta ni wọ́n sọ. Wọ́n ní àjọ náà ti kúrò lójú ọ̀nà àwọn tó dá a sílẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè òkèèrè sì ń darí ẹ̀. Wọ́n ní kò ran àwọn lọ́wọ́ nínú ogun àwọn agbésùnmọ̀mí. Wọ́n ní ìyà tó fi jẹ àwọn kò bófin mu, kò sì ní àánú.

Lọ́jọ́ kejì, iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè Nàìjíríà dá wọn lóhùn pé àwọn olórí tí ẹnikẹ́ni kò dìbò yàn ló ń du àwọn ará ìlú wọn ní ẹ̀tọ́ láti rìn, láti ṣòwò, àti láti yan olórí.

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì. Èyí tó yẹ kí èèyàn fojú sí ni pé nínú ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n kà, kò sí èyí tó sọ pé owó ibodè pọ̀ jù, tàbí pé ọjà àwọn kò rí ọ̀nà lọ. Ẹgbẹ́ òwò ni wọ́n fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n òwò kọ́ ló lé wọn. Wọn kò tilẹ̀ fi gbogbo ẹgbẹ́ sílẹ̀: wọ́n ṣì wà nínú UEMOA, ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tó ń ná sẹ́fà, pẹ̀lú Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Côte d'Ivoire, Senegal àti Guinea-Bissau. Ohun tó ní í ṣe pẹ̀lú àpò wọn gan-an, wọn ò tíì fi ọwọ́ kàn án.

Àríyànjiyàn lórí ọjọ́ náà tẹ̀lé e. Abala 91 nínú ìwé àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1993 sọ pé ẹni tó bá fẹ́ kúrò gbọ́dọ̀ kọ̀wé ní ọdún kan ṣáájú, kó sì máa pa òfin mọ́ títí ọdún náà yóò fi pé. Màlì ní ìyẹn kò kan òun mọ́, torí ECOWAS ló kọ́kọ́ da àdéhùn nígbà tó ti ẹnu ibodè mọ́ orílẹ̀-èdè tí kò ní òkun. ECOWAS kò gbà, ó ka ọdún kan. Láàárín ọdún náà, ó ń rọ̀ wọ́n. Gowon, tí òun nìkan ló kù láyé nínú àwọn olórí tó dá àjọ náà sílẹ̀, kọ̀wé lóṣù kejì ọdún 2024 pé kí wọ́n mú ìyà kúrò kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì padà. Lọ́jọ́ 24 oṣù náà, ECOWAS mú èyí tó pọ̀ jù nínú ìyà Niger kúrò. Nàìjíríà ṣí ẹnu ibodè lóṣù kẹta. Wọ́n rán Ààrẹ Bassirou Diomaye Faye ti Senegal àti Faure Gnassingbé ti Tógò lọ bẹ̀ wọ́n. Wọn ò padà. Lóṣù keje, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ AES di àjọ ìṣọ̀kan ní Niamey. Nígbà tí ìjáde wọn fẹ́ pé, àwọn èèyàn jáde sí títì ní Niamey, Bamako àti Ouagadougou, wọ́n ń yọ̀.

Ìwé ìrìnnà, ọjà, àti ibi tí ọmọ Nàìjíríà dúró sí

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹni tó ń rìn gan-an. Lọ́jọ́ 14 oṣù kejìlá ọdún 2024, AES kéde pé ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS lè wọ ilẹ̀ àwọn láìgba físà, kó máa gbébẹ̀, kó sì jáde nígbà tó bá wù ú, àyàfi ẹni tí òfin bá ní kó má wọlé. Lọ́jọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025, ECOWAS náà kéde pé kí gbogbo orílẹ̀-èdè rẹ̀ máa gba pásípọ́ọ̀tù àti káàdì ìdánimọ̀ tó ní àmì ECOWAS lọ́wọ́ àwọn ará mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ọjà wọn máa kọjá bíi ti tẹ́lẹ̀, títí di ìgbà tí ìkéde mìíràn bá jáde.

Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ìkéde ni méjèèjì. Ẹni tó bá kéde lónìí lè kéde òmíràn lọ́la. Ìwé Dakar ti 1979, orílẹ̀-èdè kan kò lè dá a yí padà, èèyàn sì lè fi pe ìjọba lẹ́jọ́. Oníṣòwò Cotonou tàbí Lomé ṣì ní òfin UEMOA lọ́wọ́ tó bá dé Niamey. Ọmọ Nàìjíríà kò ní irú ẹ̀. Sẹ́fà kọ́ ló ń ná, ECOWAS nìkan ló so ó pọ̀ mọ́ Niger àti Màlì. Nínú gbogbo àwọn tó ń ṣòwò lọ sí ibẹ̀, àwọn ọmọ Nàìjíríà àti Gánà ni ìjáde yìí tú aṣọ wọn jù, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í sọ ọ́ nínú ìròyìn.

Lórí ọjà, ìyípadà ti bẹ̀rẹ̀. Lóṣù kẹta ọdún 2025, AES gbé owó kan kalẹ̀, ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún, lórí ọjà tó bá ti ìta ẹgbẹ́ wọn wọlé, yàtọ̀ sí ti ìrànlọ́wọ́. ECOWAS náà ń gba ìdá 0.5 kan náà lórí ọjà tó bá ti ìta tirẹ̀ wá, owó yẹn ló fi ń gbọ́ bùkátà ara ẹ̀. Ìwé ilé tí wọ́n jáde kúrò níbẹ̀ ni wọ́n dà kọ. Owó náà kéré, lórí aṣọ ₦100,000, ₦500 ni. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ọjà Nàìjíríà ti di “ọjà ìta”.

Ọ̀nà pàápàá ti yí padà. Niger kò ní òkun, Cotonou ni èbúté rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí Bẹ̀nẹ̀ ṣí ẹnu ibodè Malanville padà, Niger kò ṣí tirẹ̀, ó ní ọkàn òun kò balẹ̀ sí Bẹ̀nẹ̀. Tírélà wá ń ti Lomé gba Burkina Faso, wọ́n ń tò tẹ̀lé àwọn ọmọ ogun torí àwọn agbésùnmọ̀mí. Bẹ̀nẹ̀ náà dá epo rọ̀bì Niger tó ń gba páìpù wá sí etíkun Sèmè dúró fúngbà díẹ̀ lọ́dún 2024. Ilé méjì tó fara ti ara wọn ń bára wọn jà, àwọn méjèèjì ló ń pàdánù.

Ilé ẹjọ́ tí wọ́n bá a lọ

Èyí ni wọn kì í sọ púpọ̀. Láti ọdún 2005, ẹnikẹ́ni nínú ECOWAS lè gba ilé ẹjọ́ àjọ náà ní Àbújá lọ tààrà tí ìjọba rẹ̀ bá fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú. Lọ́dún 2008, obìnrin kan láti Niger pe orílẹ̀-èdè rẹ̀ lẹ́jọ́ níbẹ̀. Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tí wọ́n tà á bí ẹrú, ilé ẹjọ́ tó lọ nílé kò sì gbà á. Ilé ẹjọ́ ECOWAS sọ pé Niger kùnà láti dáàbò bò ó, wọ́n ní kí wọ́n san mílíọ̀nù mẹ́wàá sẹ́fà fún un. Lóṣù kejìlá ọdún 2023, ilé ẹjọ́ kan náà ní kí wọ́n tú Bazoum sílẹ̀. Wọn ò tú u sílẹ̀. Talákà Niger tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí báyìí, ọ̀nà Àbújá ti dí mọ́ ọn, ẹnikẹ́ni kò sì bi í bóyá ó fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín tiwọn àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyí, nígbà tí Bìrìtìkó kúrò nínú àjọ ilẹ̀ Yúróòpù. Ìjà tiwọn náà korò, àmọ́ ìbò ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún 2016, ìdá 51.9 ló ní kí wọ́n kúrò, ó sì gbà wọ́n ju ọdún mẹ́ta lọ láti jókòó jíròrò kí wọ́n tó jáde lóṣù kìíní ọdún 2020. Mauritania ló sún mọ́ ti Sahel jù. Òun ló kọ́kọ́ fi ECOWAS sílẹ̀, ó kéde ẹ̀ lóṣù kejìlá ọdún 1999, ó sì jáde ní òpin ọdún 2000. Lọ́dún 2017, ó padà wá fọwọ́ sí àdéhùn ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú ECOWAS lórí òwò. Kò padà di ọmọ ilé, àlejò tó mọ ojú ọ̀nà ló dà.

Ààbò

Fún ilẹ̀ Okun, ibi tí ẹ̀rù ti ń ba àgbẹ̀ láti lọ sóko, ìdí yìí lè wúwo ju ti ọjà lọ. Lóṣù kẹta ọdún 2025, Niger kúrò nínú ikọ̀ ọmọ ogun àpapọ̀ tó ń bá Boko Haram jà ní agbègbè Adágún Chad. Lóṣù kẹwàá ọdún kan náà, ẹgbẹ́ JNIM, tó ti Màlì dìde, sọ pé àwọn làwọn ṣe ìkọlù kan ní Kwara, ìkọlù àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ pé àwọn ṣe ní Nàìjíríà. Kwara ló bá Yàgbà pààlà, Kwara náà sì ni ilẹ̀ Okun wà kí wọ́n tó dá Kogí sílẹ̀ lọ́dún 1991. AES ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọmọ ogun àpapọ̀ ni àwọn fẹ́ kó jọ. ECOWAS náà ń ṣètò tirẹ̀. Àwọn agbésùnmọ̀mí kò ya ara wọn sí méjì bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ìjíròrò dé

Ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 2025 ni oṣù mẹ́fà tí ECOWAS fi sílẹ̀ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti yí ọkàn padà parí. Wọn kò yí i padà. Ṣáájú ìgbà náà, lọ́jọ́ 22 oṣù karùn-ún, Omar Touray tó jẹ́ olórí iléeṣẹ́ ECOWAS lọ bá àwọn mínísítà wọn ní Bamako láti bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò lórí òwò, ìrìnnà àti ààbò. Lóṣù kẹfà, Tinubu gbé ipò alága fún Julius Maada Bio ti Sierra Leone. Robert Dussey, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè Tógò, ti sọ ní gbangba lóṣù kìíní ọdún náà pé Tógò lè wọ AES. Tógò tó bá Nàìjíríà bí ECOWAS ni o.

Ẹni tó bá ń gbéra lọ sí Niger tàbí Màlì láti ṣòwò, kó mú pásípọ́ọ̀tù ECOWAS rẹ̀ dání, kó mú káàdì àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́njú, kó sì béèrè ní ẹnu ibodè bóyá ìkéde ọjọ́ 14 oṣù kejìlá ṣì ń ṣiṣẹ́ kó tó san kọ́bọ̀ kankan fún ẹni tó bá ní físà ni òun fẹ́ bá a ṣe.